ÌBÁWÍ KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ: OHUN TÍ A KỌ́ LÁRA KÓÒṢÌ ADÉGBOYÈ ONÍGBÌNDÉ

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á dópin.

Láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni fóònù wa ò ti sinmi. A ní kí òṣìṣẹ́ kan nínú ìjọ lọ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. A ò ní dárúkọ, a ò sì ní sọ ohun tó ṣe. Ẹ̀bùn rẹ̀ ò kéré, àpéjọ ọdọọdún wa sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Àwọn kan ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká ṣe àpéjọ tán ná." Àwọn míì ní Pásítọ̀ ti le jù. A ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kan fún yín.

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni Olóyè Adégboyè Onígbìndé, ìyẹn níbí yìí gan-an, kò jìnnà sí Lágéré. 1938 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe kó tó di kóòṣì, ẹ sì mọ irú tíṣà ayé ìgbà yẹn: bí agogo bá ti lù, ọmọ tí kò bá tíì dé ti di apẹ́lẹ́yìn. Ìwà tíṣà yẹn ló gbé wọ pápá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, ó di ẹni tí CAF àti FIFA ń lò láti kọ́ àwọn kóòṣì fúnra wọn.

Ní 1980, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, òyìnbó Brazil kan, Otto Glória, ni kóòṣì. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí kì í bá ṣe òyìnbó, kò lè dáa. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ yìí kó Green Eagles lọ sí Côte d'Ivoire. Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, Íjíbítì ti jẹ góòlù méjì sí wọn lára. Àwọn ọmọ wa dá méjèèjì padà, wọ́n sì borí ní pẹ́nárítì, 8 sí 7. Ní ọjọ́ àṣekágbá ní Abidjan, Muda Lawal ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ṣùgbọ́n Cameroon padà jẹ mẹ́ta. 3 sí 1 ló parí sí. Lọ́dún 1984 yẹn kan náà, ó kó Shooting Stars ìlú Ìbàdàn dé àṣekágbá ife àwọn kílọ́ọ̀bù Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì ló gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kan ló dé ẹnu ọ̀nà, tí ilẹ̀kùn ò ṣí.

Ó wá di 2002. Ipò kẹta ni Super Eagles ṣe nínú ìdíje Áfíríkà ní Mali. Ìjà owó àjẹmọ́nú wà láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àti NFA, wọ́n sì lé kóòṣì Shuaibu Amodu lọ. Onígbìndé, ẹni ọdún 64, ni wọ́n pè. Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù ku oṣù díẹ̀. Nígbà tí orúkọ àwọn tó ń lọ jáde, Sunday Oliseh tó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ ò sí níbẹ̀. Finidi George ò sí níbẹ̀. Ariwo ta! Àwọn kan ní ìbáwí ni, àwọn kan ní ìyà àìtọ́ ni wọ́n fi jẹ wọ́n torí pé wọ́n bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Títí dòní, awuyewuye yẹn ò tíì tán. Okocha àti Kanu wà níbẹ̀ ṣá, àwọn ọmọdé ló sì fi kún wọn. Nínú ìpalẹ̀mọ́ yẹn náà ni Mínísítà eré ìdárayá, Ishaya Mark Aku, kú nínú ọkọ̀ òfuurufú tó já ní Kano ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún.

Ìdíje àkọ́kọ́, pẹ̀lú Argentina, bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù kẹfà. Ọjọ́ Ìsinmi ni! Nítorí pé Japan ni wọ́n ti ń gbá a, bíi aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ku wákàtí kan ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwa tí à ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ Sunday School ni wá nígbà náà. A jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Batistuta fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, inú wa bàjẹ́, a ò sì tún kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ kíláàsì wa ti ń sáré kiri inú ọgbà. Bàbá wa nínú Olúwa ò pariwo. Wọ́n kàn gba ìwé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ní ká lọ jókòó fún oṣù mẹ́ta. A bínú débi pé a fẹ́ fi ìjọ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé wa, wọ́n bá wa jẹ ẹ̀bà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ. Wọn ò sì dín ọjọ́ kankan kúrò nínú oṣù mẹ́ta náà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó sọ wá di pásítọ̀.

Sweden borí wa, 2 sí 1. Aghahowa jẹ góòlù wa kan ṣoṣo, ó sì ta òkìtì bí ọmọ eégún. Òmì, 0 sí 0, ni ti England. Pọ́ìntì kan, góòlù kan, a kó ẹrù wálé.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ká ti sọ òótọ́. Gídíónì dín 32,000 kù sí 300, ó sì ṣẹ́gun. Onígbìndé dín tirẹ̀ kù, kò ṣẹ́gun. Ìbáwí kì í ṣe oògùn ife-ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ bá ọmọ yín wí, gbogbo nǹkan á sì dáa lọ́la, ó ń tàn yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo gólì tó dúró lọ́jọ́ England: ọmọ ọdún 19 kan, Vincent Enyeama. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, òun ló wà lẹ́nu agbọ̀n tí Nàìjíríà fi gba ife Áfíríkà 2013, lábẹ́ Stephen Keshi, ọmọ Nàìjíríà bíi ti Onígbìndé. Mósè ò wọ Kénáánì, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n Jóṣúà wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká tún rántí pé nígbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 ò tíì gbẹ tán. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ló dúró níwájú ayé fún Nàìjíríà, Òyìnbó kọ́ ló kó wa lọ lọ́tẹ̀ yìí; òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù. Nínú ilé tí a ti wòran, ọmọ Ifẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìlú ẹnìkejì rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà dúró. Bí orin àpéjọ ò bá dùn tó ti èṣí, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. A ti lọ sílé òṣìṣẹ́ wa yìí lánàá. A jẹun pọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ kí i. Ẹ má ṣe bá a sọ̀rọ̀ Pásítọ̀ láìdáa, ẹ má sì ṣe fojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò ó.

Àdúrà wa ni pé ìbáwí tó bá tọ́ sí wa, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó sọ wá nù. Ẹ ṣe Àmín tó lágbára.

Ta ló bá yín wí rí, tí ẹ wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀.