Owó Orí Ṣáájú Ilé Ẹ̀kọ́: Àwíjàre Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, 1952–1956

Ní oṣù Keje ọdún 1952 ni S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Oṣù Kìíní 1955, tí àwọn ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́, ni ìtàn sábà máa ń tẹnu mọ́. Àárín méjèèjì ló ṣòro jù, nítorí ìgbà náà ni ìjọba ń béèrè owó fún ohun tí ojú kò tíì rí.

Ṣílè 10 àti sísì ni wọ́n bù lé asanwó-orí kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Orúkọ tí Action Group ń jẹ́ lédè Yorùbá ti ṣe ìdajì àwíjàre náà: afẹ́nifẹ́re ni ẹni tó ń fẹ́ ire fún ẹlòmíràn. Lábẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ta ko owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹni tí kò fẹ́ ire ọmọ tirẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Kò fi àyè sílẹ̀ fún àgbẹ̀ tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, tó sì tún nílò ọwọ́ ọmọ náà nínú oko kòkó.

NCNC rí àlàfo yìí. Kò pọn dandan kí wọ́n bá ẹ̀kọ́ jà. Owó orí tó láti fi ṣe ìpolongo. Nínú ìdìbò àpapọ̀ oṣù Kọkànlá 1954, wọ́n gba ìjókòó 23 nínú 42 ní Ẹkùn náà. Owó orí nìkan kọ́ ló fà á o; aáwọ̀ abẹ́lé, irú èyí tó wáyé ní Ọ̀yọ́, náà wà níbẹ̀.

Awólọ́wọ̀ kò yí padà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432. Láti ìgbà náà, kò tún sí ìdí fún ẹgbẹ́ láti máa fi “yóò” gbèjà ara rẹ̀ nígbà tí “ti” ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó: ọmọ ti wọ ilé ẹ̀kọ́, àtakò sì ti di ìgbìyànjú láti lé e jáde. Ní ìdìbò Ẹkùn ní oṣù Karùn-ún 1956, Afẹ́nifẹ́re gba ìjókòó 48 nínú 80.

Àwíjàre tó fi ọmọ ṣe òpó ní gbèsè mìíràn: ọmọ a máa dàgbà. Ní ìparí 1960, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ parí ọdún mẹ́fà wọn, wọ́n sì ń wá iṣẹ́. Oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an ni ìjọba yan Ìgbìmọ̀ Banjo láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ Ẹkùn náà wò.