Pápá Ìdárà àti Ìmọ̀ Síkíì Lórí Gbogbo Òkè

Pápá ìdárà ni apá òkè yìnyín tí àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó síkíì ti fi katapílà mọ òkìtì sí, tí wọ́n sì gbé irin gbọọrọ kalẹ̀, kí àwọn onísíkíì lè máa fò, kí wọ́n máa tàkìtì, kí wọ́n sì máa yọ̀ lórí irin. Ìdíje rẹ̀, slopestyle, wọ Òlíńpíìkì ní Sochi lọ́dún 2014. Bí ó ṣe ń gbajúmọ̀ ni àríyànjiyàn ń le lórí bóyá ògbóǹtarìgì inú pápá mọ síkíì níbi gbogbo. Èyí tí ẹ̀rí gbè lẹ́yìn ni pé ìmọ̀ pápá ń báni jáde síta, àmọ́ kò pé: ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ tó tún pápá ṣe ti mú kúrò lọ́nà ni òkè fi ń dánni wò.

Ohun tó ń báni jáde kò kéré. Ẹni tó ti mọ òkìtì fò mọ bí a ti ń ká orúnkún, bí a ti ń mú ara dúró lófuurufú, àti bí a ti ń balẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ó tún lè fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Bí gegele bá gbé e sókè lójijì, àyà rẹ̀ kì í já.

Ṣùgbọ́n ibi ìbalẹ̀ inú pápá kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú kí ó dagẹ̀rẹ̀ kí ó lè bá ipa ọ̀nà ẹni tó ń já bọ̀ mu. Ìdí nìyí tí onísíkíì fi lè fò jìnnà láìfarapa. Bí ó bá balẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún àti ẹ̀yìn ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Lórí òkè tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe, onísíkíì fúnra rẹ̀ ni yóò wá ibi ìbalẹ̀, yóò yẹra fún àpáta, yóò sì mọ ìgbà tí yìnyín fẹ́ ya lulẹ̀.

Yíyà sọ́tùn-ún sósì le ju èyí lọ. Lórí yìnyín líle, onísíkíì ní láti dẹ síkíì sí ẹ̀gbẹ́, kí ó fi ẹsẹ̀ ìta tẹ̀ ẹ́, kí ẹnu irin rẹ̀ lè wọlẹ̀. Lórí irin pápá, síkíì ní láti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹnu rẹ̀ bá há, ìṣubú dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ pápá ló ń ha ẹnu irin síkíì wọn kí ó má mú mọ́. Síkíì yìí kan náà yóò máa yọ̀ dànù lórí yìnyín líle.

Àwọn tó gbà pé ìmọ̀ pápá tó máa ń tọ́ka sí Candide Thovex, ọmọ Faransé tó gba góòlù slopestyle ní ìdíje X Games 2007, tó sì borí lọ́dún 2010 nínú Freeride World Tour, ìdíje freeride, ìyẹn síkíì lórí òkè tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe. Wọ́n tún ń dárúkọ Markus Eder ará Ítálì, tó díje ní Sochi, tó sì gba ife-ẹ̀yẹ Freeride World Tour lọ́dún 2021. Àmọ́ àárín àwọn òkè Alps ni àwọn méjèèjì dàgbà sí, pápá nìkan kọ́ ló kọ́ wọn. Ohun márùn-ún sì ni àwọn adájọ́ freeride ń wò: ọ̀nà tí onísíkíì yàn, bí ó ṣe kápá ara rẹ̀, bí kò ṣe dúró ṣe iyèméjì, bí ó ṣe ń yà, àti fífò pẹ̀lú àrà. Èyí tó kẹ́yìn ni pápá dìídì ń kọ́ni.

Àfikún ni pápá jẹ́ nígbà náà. Ẹni tó ti mọ bí a ṣe ń yà lórí yìnyín líle àti rírọ̀ yóò jèrè rẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti inú pápá ṣì ní láti padà lọ kọ́ bí a ṣe ń yà.