Ipa Ọ̀nà Ọ̀bẹ Ẹ̀rọ

Ipa ọ̀nà ọ̀bẹ ẹ̀rọ ni ojú ọ̀nà tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ milling tàbí ti lathe ń tọ̀ bí ó ti ń gé irin, èyí tí sọ́fítíwíà CAM (computer-aided manufacturing) ń ṣírò láti ara àwòrán ohun tí a fẹ́ ṣe. Lórí milling, ọ̀bẹ ló ń yí, nígbà tó jẹ́ pé lórí lathe, irin ló ń yí. Òṣìṣẹ́ yóò kọ́kọ́ sọ ìwọ̀n irin, irú ọ̀bẹ àti ìyára rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò yan gígé àkọ́kọ́, tó ń kó irin púpọ̀ kúrò, àti gígé àṣekágbá, tó ń mú ojú irin náà dán. Bí àyẹ̀wò lójú kọ̀ǹpútà bá fi hàn pé ọ̀bẹ kò ní kọlu ohun tí kò yẹ, a óò sọ ipa ọ̀nà náà di àṣẹ G-code tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, nínú èyí tí G1 dúró fún ìlà tààrà, tí G2 àti G3 sì dúró fún ìlà títẹ̀. Ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó, níbi tí ilé iṣẹ́ wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Àpápá, ìmọ̀ yìí wúlò fún ṣíṣe ẹ̀yà tí a fi ń pààrọ̀ èyí tó ti gbó lára ẹ̀rọ.