Ilẹ̀ Kì Í Gbàgbé

Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ní Kathmandu, olú-ìlú Nepal, tó wà láàárín òkè, lórí ẹrẹ̀ adágún àtijọ́ tó ń mì bí ẹ̀kọ. Ní 1255, ìmìtìtì ilẹ̀ pa ọba wọn, Abhaya Malla. Òmíràn jà ní 1934. Àwọn onímọ̀ gbẹ́ kòtò lẹ́sẹ̀ òkè Himalaya, wọ́n fi èédú inú ilẹ̀ mọ ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì rí ojú ibi tí ilẹ̀ ti ya nígbà méjèèjì. Ti 2015 pa èèyàn bí 9,000, àmọ́ kò ya ojú ilẹ̀ ibẹ̀. Agbára ṣì kù nísàlẹ̀ nìyẹn. Torí náà, a ò lè sọ pé ìjà ti parí. Ilé tó máa dúró ló yẹ kí wọ́n máa kọ́.