Òfin Tí Ń Tẹ̀lé Ìpalára: Ìkọlù àti Ìjìyà Nínú Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Nínú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá, ọwọ́ ni a fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, òfin sì fún àwọn alátakò láyè láti kọlu ẹni tí ó gbé e kí wọ́n sì bì í ṣubú. Láti ọdún 1920, tí wọ́n dá líìgì tí a mọ̀ lónìí sí NFL sílẹ̀ ní ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni àwọn aláṣẹ ti ń wá ààlà láàárín ìkọlù tí ó tọ́ àti ìwà ipá, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀yìn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ti ń fara pa ni wọ́n ń rí ààlà náà.

Ní ọdún 1962, wọ́n ka dídi irin ojú akoto agbábọ́ọ̀lù èyíkéyìí mú léèwọ̀, akoto sì ni fìlà líle tí ń dáàbò bo orí. Fífi àtẹ́lẹwọ́ gbá alátakò lórí, ọgbọ́n tí agbábọ́ọ̀lù Deacon Jones fi lókìkí, kò di èèwọ̀ títí di ọdún 1977.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, nínú ìdíje ìgbaradì kan ní Oakland tí èsì rẹ̀ kò tilẹ̀ wọ àkọsílẹ̀ líìgì, Jack Tatum ti ẹgbẹ́ Raiders kọlu Darryl Stingley ti ẹgbẹ́ Patriots bí ó ti na ara láti gba bọ́ọ̀lù mú. Eegun ọrùn Stingley, ẹni ọdún 26, ṣẹ́, kò sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́ títí tí ó fi kú ní ọdún 2007. Tatum kò san owó ìtanràn kankan, nítorí pé ìkọlù náà bá òfin ìgbà náà mu, èyí sì ni ó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà, torí pé líìgì tí ń pa owó lórí irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ni ó fún un ní àṣẹ.

Ọmọ Nàìjíríà kan ni ó sọ ọ̀ràn ìpalára nínú eré yìí di èyí tí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2002, ní Pittsburgh, Dókítà Bennet Omalu, tí ń yẹ òkú wò láti mọ ohun tí ó pa wọ́n, rí CTE nínú ọpọlọ agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, Mike Webster, ìyẹn àrùn tí ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí orí bá ń gba ìlù léraléra. Nígbà tí ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2005, àwọn dókítà líìgì ní kí wọ́n fagi lé e. Ní ọdún 2013, líìgì kan náà gbà láti san 765 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tí wọ́n pè é lẹ́jọ́.

Láàárín àkókò yìí ni ìjìyà ń le sí i. Ní ọdún 2010, líìgì bu owó ìtanràn 75,000 dọ́là lé agbábọ́ọ̀lù James Harrison lórí nítorí ìkọlù kan; ní ọdún 2012, wọ́n dá Sean Payton, akọ́nimọ̀ọ́gbá New Orleans Saints, dúró fún odidi sáà kan nítorí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fún agbábọ́ọ̀lù lówó bí ó bá ṣe alátakò léṣe. Ìyẹn tọ́, nítorí kò yẹ kí ẹ̀bi máa wà lórí agbábọ́ọ̀lù nìkan.

Ọdún 2018 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á léèwọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù èyíkéyìí láti tẹ orí ba kí ó sì fi akoto kọlu ẹlòmíràn, ogójì ọdún gbáko lẹ́yìn tí ọrùn Stingley ṣẹ́, ó sì pẹ́ jù.