Owó Udoji, Búrẹ́dì àti Sóyà: Ìtàn Bí Oúnjẹ Wa Ṣe Yí Padà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn orílẹ̀-èdè yìí láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fi hàn pé ènìyàn lè yó kí ara rẹ̀ má rí ohun tó ń fẹ́, àti pé oúnjẹ tó ń ṣara lóore kì í sábà jẹ́ èyí tó wọ́n jù. Kí n tó mọ èyí, ojú mi rí nǹkan.

Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni mí, Kàdúná níbí ni mo sì dàgbà sí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà ni oúnjẹ àárọ̀ wa. Lọ́sàn-án, ẹ̀wà àti gààrí. Lálẹ́, àmàlà tàbí túwó pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi irú sí. Ìrẹsì jẹ́ ti ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọdún. A kò mọ̀ pé oúnjẹ gidi ni à ń jẹ. Ohun tó wà nílẹ̀ ni.

Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ gbé àbá rẹ̀ jáde lórí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Owó epo rọ̀bì ń wọlé gan-an nígbà náà. Owó òṣìṣẹ́ tó kéré jù di náírà 720 lọ́dún, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Bàbá mi ra rédíò àti fáànù. Kò pẹ́ tí búrẹ́dì àti tíì fi gba ipò ẹ̀kọ àti àkàrà. Kì í ṣe ilé wa nìkan. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì yìí, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá, Amẹ́ríkà sì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ dá ètò Operation Feed the Nation sílẹ̀ ní 1976, a gbin àgbàdo sí ẹ̀yìn kíláàsì wa. Síbẹ̀, búrẹ́dì la jẹ kí a tó lọ gbìn ín!

Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, owó epo já wálẹ̀. Ní 1985, ìjọba fi òfin de ìrẹsì òkèèrè. Ní 1986, ètò SAP dé, náírà sì bọ́ lulẹ̀. Ní oṣù kìíní 1987, wọ́n fi òfin de àlìkámà náà. Mo ti di òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn, mo ti gbéyàwó, àkọ́bí wa obìnrin sì ń lọ sí ọmọ ọdún méjì. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò jáwọ́. Mi ò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ọ́fíìsì gbọ́ pé ẹ̀wà ni mo jẹ wá síbi iṣẹ́. Owó tó yẹ kó ra ẹ̀wà àti ẹja fún ọmọ, búrẹ́dì mi ló ń gbé e lọ. Ògì lásán tí a bu ṣúgà sí ni ọmọ ń mu tàárọ̀ talẹ́. Ẹyin ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè.

Kò pẹ́, irun orí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì fẹ́ ṣeré mọ́. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi ìyàwó mi pé, “Ìyá, kí ni ọmọ ń jẹ?”

Ó dáhùn pé, “Ògì ni, mà. Ó ń yó dáadáa.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ó ń yó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹun.”

Àìsàn tí a rí nínú àwòrán àwọn ọmọ Biafra láàárín 1967 sí 1970 ló ń ṣe ọmọ mi, nínú ilé tí kò sí ogun. Wọ́n ní kí a máa fún un ní ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, kí a sì máa po ìyẹ̀fun sóyà mọ́ ògì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wádìí ìtàn sóyà. Ní 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ Nàìjíríà. Ní nǹkan bí 1937, irú kan láti Malaya bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa ní ilẹ̀ Tiv, ní Benue, ṣùgbọ́n òkèèrè ni wọ́n ń tà á sí. Ní nǹkan bí 1970, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oshodi ti ṣe ògì sóyà. Ní 1987 gan-an, ọdún tí ọmọ mi ṣàìsàn, IITA ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ètò láti kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fi sóyà sínú oúnjẹ wa. Ìmọ̀ ti wà nílẹ̀ kí n tó bímọ. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n wá a.

Ìyá Hausa kan tó ń dín àwárá lẹ́bàá ilé wa ló kọ́ ìyàwó mi. A ó rẹ sóyà, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó se omi rẹ̀ títí yóò fi hó, a ó wá da omi ògì kíkan sí i kí ó lè dì. Nínú 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ, bíi 36 ni èròjà amáradàgbà. Ti ẹ̀wà tó bíi 24. Ti ìrẹsì kò ju bíi 7 lọ. Kí a má ṣe lo sóyà tútù o; ó gbọ́dọ̀ jiná dáadáa.

Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì tún bọ́ lulẹ̀, mo ń rí ìtàn mi lójú àwọn ọ̀dọ́ wa. Búrẹ́dì àti mínírà ni wọ́n fi ń tan ebi. Ẹ jẹ́ kí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin da owó pọ̀, kí wọ́n ra sóyà àti ẹ̀wà ní ìgbà ìkórè, nígbà tí mudù kò tíì gbówó lórí. Ẹ ra ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ tegungun-tegungun. Ẹ má kẹ́gàn tẹ̀tẹ̀ àti ewé tí àwọn Hausa ń pè ní zogale. Ẹ fún ọmọ lẹ́yin. Kò ní di olè.

Ọmọ tí mo ń wí yìí ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni mo bá nílé rẹ̀ nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, inú mi sì dùn. Kí Olódùmarè má fi ebi pa wá, kí ó má sì jẹ́ kí ìgbéraga gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.