"Take over" ti ọdún 1914: ta ló gba kí ni lọ́wọ́ ta?

Gbogbo àwa tí a ka Ìtàn ní sẹ́kọ́ńdìrì ni a kọ ọ́ sínú nóòtì wa pé ní ọdún 1914, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì "took over" ilẹ̀ Ẹ̀gbá. A há a sórí, a kọ ọ́ sínú ìdánwò, a gba máàkì. Ọjọ́ tí ìyá bàbá mi bi mí pé kí ni mò ń kà, tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, ni mo tó rí i pé ẹnu mi wúwo. Èwo nínú take over ni?

Ẹ wò ó ná. Bí oorun bá ń kun dẹ́rẹ́bà tí ẹlòmíràn sì bọ́ sídìí ọkọ̀, take over ni. Bí alága tuntun bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èyí tí sáà rẹ̀ parí, take over ni. Ilé-iṣẹ́ ńlá ra kékeré, take over. Àwọn sójà gba ìjọba, take over. Koríko gba oko nígbà tí olóko ń ṣàìsàn, take over náà ni. Yorùbá á ní ó gba ipò rẹ̀, ó rọ́pò rẹ̀, ó jogún rẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ lé e, ó fipá gbà á. Nínú púpọ̀ nínú wọn, olùgbọ́ á bèèrè pé: lọ́wọ́ ta? Gẹ̀ẹ́sì kò bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká wá bèèrè. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1893, Gómìnà Carter wá láti Èkó, òun àti àwọn olórí Ẹ̀gbá sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí Ẹ̀gbá bá pa àdéhùn náà mọ́, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní gba ìkankan nínú ilẹ̀ wọn láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ bẹ́ẹ̀, òmìnira wọn yóò sì dúró. Ní 1898 ni wọ́n dá Egba United Government sílẹ̀. Ó ní kóòtù, ó ní àpò owó tirẹ̀, ó ń gba owó ibodè. Aláké Gbádébọ̀ kejì... rárá, ẹ má jẹ́ kí n ṣìnà, Gbádébọ̀ kìíní ni, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1904, ó sì rí Ọba Edward. Ẹni tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba náà ni Adégbóyèga Ẹdun, tí ó ti ń jẹ́ J. H. Samuel tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Lugard pa Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1914, Ẹ̀gbá ṣì ń dá dúró lórí ìwé.

Ìjẹmọ̀ ló bà á jẹ́. Wọ́n mú àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Pọ̀nlàdé, ó kú lẹ́yìn àtìmọ́lé, àwọn ará Ìjẹmọ̀ sì fárígá pé kí Ẹdun kúrò nípò. Aláké ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ìrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, àwọn sójà yìnbọn fún àwọn èèyàn ní Ìjẹmọ̀, Olúwo Ìjẹmọ̀ sì wà lára àwọn tó kú. Kò pé oṣù méjì, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, Aláké àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé mìíràn tó fagi lé ti 1893.

Nítorí náà, kò sẹ́ni tó kàn wá já ilẹ̀ gbà lójijì, kò sì sẹ́ni tó fayọ̀ fà á léni lọ́wọ́. Ibí yìí ni mo ti rí i pé Yorùbá pàápàá kì í ṣe aláìlẹ́bi. "Gbà" ni à ń sọ fún ẹni tó ní "ó dáa, mo gbà," òun náà ni à ń sọ fún ẹni tó ja nǹkan gbà. Aláké gbà, Gẹ̀ẹ́sì gbà á. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Pé gbígbà àkọ́kọ́ yẹn kò ti ọkàn ará ìlú wá hàn ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ìjọba mú owó orí wá ní 1918, àwọn èèyàn sì dìde ní oṣù kẹfà: wọ́n tú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà. Ogun Àdùbí ni a ń pè é. Àwọn ìwé kan máa ń kọ ọ́ sí abala mìíràn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ owó orí nìkan ni. Èmi rò pé ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn ní 1914 ni wọ́n ń fún Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo wá sọ fún ìyá bàbá mi ni pé, "Wọ́n yìnbọn ní Ìjẹmọ̀, Ọba fọwọ́ sí ìwé, ìjọba Ẹ̀gbá sì bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó." Wọ́n ní, "Ìjẹmọ̀ tiwa yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n gbé ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo àwòrán Aláké tó wà nínú rẹ̀ pẹ́.